Mo Lọ Bẹ Ìyá Ìbejì ní Ìgbẹ́tì

Ẹ̀yin ará ilé, láti ọjọ́ tí mo ti padà dé Ìjẹ̀bú lẹ ti ń bi mí pé, "Bísí, báwo l'Òkè-Ògùn?" Ẹ fara balẹ̀. Mi ò ní sọ̀rọ̀ ọkọ̀ tàbí iye wákàtí tí mo lò lójú ọ̀nà fún yín. Ọ̀nà ò dára, mo ti sọ ọ́ tán. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni bí àwọn èèyàn ibẹ̀ ṣe gbà mí, àti ohun tí mo lọ ṣe gan-an, nítorí irọ́ ni mo pa fún yín kí n tó lọ. Mo ní mò ń lọ ya fọ́tò òkè. Ẹ̀bẹ̀ ni mò ń lọ bẹ̀.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Fọ́tò oge ni mò ń yà fún àwọn aránṣọ ńláńlá l'Ékòó, ẹ sì mọ irú èyí tí mò ń yà. Èmi ni mo gbé ìyàwó tuntun tòun ti aṣọ funfun lọ jókòó sórí ààtàn. Èmi ni mo wé láwàní àfáà fún ọmọbìnrin tó wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́. Wọ́n bú mi lórí rédíò, wọ́n bú mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n bú mi ní mọ́ṣáláṣí. Àwọn oníròyìn sọ mí ní Bísí Aláfojúdi, mo sì gbà á bí ẹni gba oyè. Bí wọ́n ṣe ń bú mi ni iṣẹ́ ń wọlé. Mo máa ń sọ fún wọn pé fọ́tò tí kò bá bí ẹnì kankan nínú, fọ́tò páásípọ́ọ̀tù ni. Ẹnu mi dùn nígbà yẹn, àbí?

Ìgbà yẹn ni mo pàdé Táyé. Ọmọ Ìgbẹ́tì ni, ó ga, ó dúdú, ara rẹ̀ gba aṣọ. Lọ́jọ́ kan tí a jọ ń jẹun lọ́sàn-án, ó sọ fún mi pé ìbejì lòun, pé Kẹ́hìndé òun kú kí àwọn tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Ó ní ìyá òun gbé òun lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò kan ní Ṣakí. Onífọ́tò yẹn ya òun lẹ́ẹ̀mejì sójú fọ́tò kan náà, ọ̀kan ní Táyé, èkejì ní Kẹ́hìndé. Ẹ̀yin náà mọ àṣà yìí: ẹni tí kò gbẹ́ ère fún ìbejì tó kú, fọ́tò ló fi ń ṣe é. Táyé ní fọ́tò náà ṣì wà lára ògiri ìyá òun, àràárọ̀ ni ìyá sì ń kí àwọn méjèèjì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí ọmọ yẹn ṣe ń sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́ pé ẹnì kan kú. Fọ́tò nìkan ni mo gbọ́.

Mo ti ya Táyé lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú ọjọ́ náà. Nínú ti àkọ́kọ́, ó wọ òfì, ó wé gèlè. Nínú ti ẹ̀ẹ̀kejì, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí nìkan ló wà lára rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí mi, ó sì bojú wẹ̀yìn. Ó gbà kí n yà á, ó ní kí n ṣáà má gbé e jáde láì sọ fún òun. Mo ní kò séwu. Nígbà tó lọ tán, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo fi fọ́tò méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo yọ́ wọn pọ̀ bí ẹni pé èèyàn méjì ló jókòó sórí ẹní kan. Mo pè é ní "Táyé àti Kẹ́hìndé". Ariwo sọ. Wọ́n gbé e sára pátákó ńlá lójú títì. Nígbà tí oníròyìn kan bi mí bóyá ọmọbìnrin náà mọ̀ sí i, mo ní, "Àwa méjèèjì la jọ rò ó."

Irọ́ ni. Kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ àfi ìgbà tó rí i lójú títì bíi gbogbo ayé.

Fóònù gbé fọ́tò náà àti ohun tí mo sọ fún oníròyìn dé Ìgbẹ́tì. Ìyá rẹ̀ ní òun ò ní i lọ́mọ mọ́. Táyé sunkún, ó ṣàlàyé, ìyá ní ṣé ìwé ìròyìn ló ń parọ́ ni? Ọdún mẹ́ta gbáko rèé. Báyìí, Táyé ti lọ́kọ, oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ, ìyá ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sì sí ìyá tó máa wá wẹ ọmọ fún un. Ó pè mí, ó ní, "Àǹtí Bísí, ẹ lọ bá mi bẹ ìyá mi. Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ṣe." Mo ní màá lọ. Ṣùgbọ́n èrò ọkàn mi ni pé kí n bẹ̀bẹ̀ fún àwa méjèèjì pa pọ̀, kí n fi ọgbọ́n fo ọ̀rọ̀ irọ́ yẹn dá. Torí gbólóhùn yẹn ni mo fi ń jẹun láti ọdún mẹ́ta.

Ìsẹ́yìn

Etí lẹ máa fi mọ̀ pé ẹ ti dé Ìsẹ́yìn. Ìró òfì gba àdúgbò kan. Wọ́n na òwú sílẹ̀ gbọọrọ bí ọ̀nà oko, òkúta ló dì í mú lọ́ọ̀ọ́kán, ọkùnrin tó ń hun ún jókòó sí orí kejì. Mo ti ya òfì ṣáá lára èèyàn, mi ò rí bí wọ́n ṣe ń hun ún rí. Mo fa kámẹ́rà yọ kíá.

Bàbá kan gbójú sókè. Kò pariwo. Ó ní, "Ìyá, ẹ kú ìrìn o. Ṣé ẹ ti kí wa?"

Háà! Ojú tì mí. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi padà, wọ́n kí mi kú ọ̀nà, kú ewu, kú oòrùn, wọ́n béèrè ilé, wọ́n béèrè àwọn ọmọ tí mi ò bí. Nígbà tí ìkíni máa fi parí, ìmọ́lẹ̀ tí mo fẹ́ yà ti kúrò níbẹ̀. Bàbá náà ní mo lè yà á wàyí. Mi ò yà á mọ́.

Ilé Ìyá Ràmọ́tà ni mo wọ̀ sí, opó kan tó ń yá àlejò ní yàrá. Iyán ló gún fún mi, ọbẹ̀ ègúsí rẹ̀ sì kún fún wàrà dídì àwọn Fúlàní dípò ẹran. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹyin ni. Ó rí ojú mi, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin Ìjẹ̀bú, gààrí ti ba ẹnu yín jẹ́!"

"Ìyá, gààrí wa lẹ fi ń mu omi tútù nígbà tí oòrùn bá pa yín!"

A rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ló béèrè irú fọ́tò tí mò ń yà. Mo ní fọ́tò ìgbéyàwó. Ó ní iṣẹ́ ayọ̀ ni, Ọlọ́run á jẹ́ kí n máa ya ohun rere. Mo ní àmín, mo bu òkèlè mìíràn. Kò sẹ́ni tó ní kí n parọ́. Ẹnu mi ti mọ́ ọn lára.

Àgọ́-Àrẹ

Ọyẹ́ ti dé sí apá ibẹ̀ nígbà tí mo lọ. Koríko ti gbẹ, igi dúró jìnnà sí ara wọn, ojú èèyàn ń lọ títí kò rí nǹkan kan gbá mú. Àwa tí a dàgbà sínú igbó kò mọ irú òfìfo bẹ́ẹ̀. Ó ń ṣe mí bí ẹni tí gbogbo ayé ń wò, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́nì kankan.

Èmi àti awakọ̀ mi yà ní ilé àgbẹ̀ kan ní Àgọ́-Àrẹ láti bomi mu. Ètè mi ti bẹ́, ẹ̀jẹ̀ ń jáde níbẹ̀. Ìyàwó ilé náà kò tíì mọ orúkọ mi tó fi wọlé, tó gbé òrí jáde, tó fi ìka bù ú, tó fi pa mí létè fúnra rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má fi itọ́ lá a mọ́ o, ọyẹ́ ibí kì í ṣe ti yín." Ọkọ rẹ̀ sun iṣu, ó fi epo àti iyọ̀ sí i, ó ní kí n jẹ ẹ́ kí n tó sọ ibi tí mò ń lọ. Mo jẹ ẹ́ tán, mo ní Ìgbẹ́tì ni. Wọ́n ní ta ni mo ní níbẹ̀. Mo ní mi ò ní ẹnì kankan. Àánú mi ṣe wọ́n, wọ́n di iṣu mẹ́ta fún mi. Mo ń rò ó lọ́kàn pé bí àwọn èèyàn yìí bá mọ ohun tí mo ṣe, ṣé wọ́n á fọwọ́ kan ètè mi?

Ṣakí

Táyé ló ní kí n kọ́kọ́ rí onífọ́tò tó ya àwọn, pé ìyá òun ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Bàbá Fọ́tò ni gbogbo Ṣakí ń pè é. Ó ti kọjá ẹni ọgọ́rin ọdún, kò ṣiṣẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀, á jókòó síwájú rẹ̀. Nígbà tí mo ní onífọ́tò lèmi náà, inú rẹ̀ dùn, ó pariwo, "Ará iṣẹ́ mi ló dé!" Ó ránṣẹ́ lọ ra ẹ̀kọ àti àkàrà.

Ara ògiri rẹ̀ kún fún ìbejì. Mo bi í bó ṣe ń ṣe é nígbà tí kò sí kọ̀ǹpútà. Ó ní páálí dúdú lòun fi ń bo ìdajì ojú kámẹ́rà. Á ya ọmọ lápá ọ̀tún, á gbé ọmọ lọ sápá òsì, á gbé páálí sí ìdajì kejì, á tún yà á sórí fíìmù kan náà. Ó ní bí ọmọ bá mira díẹ̀, iṣẹ́ bàjẹ́. Mo gbádùn ọ̀rọ̀ rẹ̀ débi pé mo gbàgbé ẹrù tó wà lọ́rùn mi.

Mo wá fi fọ́tò tèmi hàn án lórí fóònù, mo sọ fún un pé ọmọ Ìyá Ìbejì Ìgbẹ́tì ni, pé mò ń lọ bẹ̀ ẹ́. Ó wọ gíláàsì rẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

Ó ní, "Iṣẹ́ rẹ mọ́. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dára ju tèmi lọ." Ó tún wò ó. "Ẹ̀wù kejì dà?"

Kò yé mi, mo ní ẹ̀wù wo?

"Ìyá yẹn, ẹ̀wù méjì ló kó wá sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ náà. Ìrán aṣọ kan náà, aránṣọ kan náà. Mo ní, Ìyá, ọmọ kan ni mo fẹ́ yà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀wù kan tó. Ó ní rárá. Nígbà tí mo ya Táyé tán, ó bọ́ ẹ̀wù yẹn lára rẹ̀, ó wọ èkejì fún un kí n tó ya ti Kẹ́hìndé. Ó ní ọmọ òun kò ní ya fọ́tò nínú ẹ̀wù ẹlòmíràn, tirẹ̀ ni yóò wọ̀." Ó dá fóònù padà fún mi. "Ohun tí a bá ṣe fún Táyé la ń ṣe fún Kẹ́hìndé. Ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Ṣebí Yorùbá ni ọ́."

Mo mọ̀. Ta ni kò mọ̀? Torí pé mo mọ̀ gan-an ni mo ṣe wọṣọ fún ọ̀kan, tí mo fi èkejì sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ló ti máa dun èèyàn. Ẹni tí yóò dùn ni mi ò rò. Ó dùn mí dọ́kàn lórí àga bàbá yẹn, mo sì ń fi àkàrà kún ẹnu kó má bàa rí i pé mò ń sunkún.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi dé Ìgbẹ́tì. Ó ní orúnkún òun ò gbà á mọ́, bó bá tiẹ̀ gbà á, òun ò ní lọ. "Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni. Fi ẹnu ara rẹ bẹ̀bẹ̀ rẹ̀."

Ìgbẹ́tì

Òkè ló yí Ìgbẹ́tì ká. Ṣé ẹ rí bí màmá àgbà ṣe ń jókòó ti ọmọ? Bẹ́ẹ̀ ni àwọn òkè yẹn jókòó ti ìlú. Eruku ọ̀nà pupa, ti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta mábù funfun, méjèèjì sì wà lára mi nígbà tí mo dé. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo bi léèrè, ó mú mi dé ẹnu ọ̀nà láì bi mí ní nǹkan kan.

Orí àpáta tó wà lẹ́yìnkùlé ni mo ti bá ìyá náà, ó ń yí iṣu ẹ̀lùbọ́ tó sá sí oòrùn. Èèyàn tín-ín-rín ni, ọrùn Táyé ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú ìrìn o. Ẹ jókòó síbòji, mò ń bọ̀." Ó bu omi fún mi. Mo mu ún tán kí n tó kúnlẹ̀.

"Ìyá, èmi ni mo ya fọ́tò yẹn."

Kò béèrè fọ́tò wo. Ó jókòó sórí àpáta níbẹ̀, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ tí ìyẹ̀fun iṣu wà lára rẹ̀.

"Ẹnì kan ládùúgbò ló gbé fóònù wá, ó ní, Ìyá Ìbejì, ẹ wá wo àwọn ọmọ yín. Ṣé o mọ̀ pé mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín? Kẹ́hìndé tó wà lára ògiri mi, ọmọ kékeré ni. Mi ò mọ bí yóò ṣe rí bó bá dàgbà. Mo wo fóònù, mo ní háà, Kẹ́hìndé mi ti di ọmọge! Mo ti ń yọ̀ kí n tó rí i pé kò wọṣọ."

Mo ní, "Ìyá, ẹ forí jì wá."

"Gbọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti bí wọn, mi ò ra nǹkan fún ọ̀kan kí n má ra fún èkejì. Bó tiẹ̀ kú, ọdún iléyá kò kọjá kí n má rán méjì. Táyé mọ̀, ojú rẹ̀ ló ṣe. Ká ní òun gan-an ló wà níhòòhò níbẹ̀, màá bú u, màá sì gbà á padà, ọmọ ayé ìsinsìnyí ni. Ṣùgbọ́n ó wọ òfì sára tirẹ̀, ó wé gèlè, ó wá bọ́ èyí tí kò lẹ́nu tó lè fi sọ pé òun ò fẹ́."

Mo ní Táyé ti lóyún, pé oṣù kẹjọ ni, kò sì ní ìyá tó máa wẹ ọmọ fún un. Mo rí i pé ó gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀ nù.

"Kí Ọlọ́run sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. Èmi ò lọ. Ní tìrẹ, mo ti dárí jì ọ́. Àlejò ni ọ́, o ò mọ Kẹ́hìndé, kò sẹ́ni tó sọ ìtàn rẹ̀ fún ọ dáadáa. Táyé ló yẹ kó sọ fún ọ pé a kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Dìde, jẹ́ kí n wá oúnjẹ fún ọ. Má ṣáà dárúkọ rẹ̀ fún mi mọ́."

Ẹ̀yin ará mi, ẹ bú mi bẹ́ ẹ bá fẹ́. Inú mi dùn. Mo jókòó sínú pálọ̀ rẹ̀ lábẹ́ fọ́tò àwọn ọmọ kékeré méjèèjì nínú ẹ̀wù kan náà, mò ń gbọ́ bó ṣe ń gún iyán fún mi, ara mi sì fúyẹ́. Mo ti bẹ̀bẹ̀, wọ́n ti gbà. Bí wọ́n bá bi mí l'Ékòó, màá ní mo sa gbogbo ipá mi, ìyá ló lágídí. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó gbé oúnjẹ náà wá, ọbẹ̀ rẹ̀ ń ta sánsán, ó gbé omi ìfọwọ́ síwájú mi. Ó wá jókòó, ó ní, "Jẹun, ọmọ mi." Ọmọ mi tó pè mí yẹn ni mi ò lè gbé mì. Ọmọ rẹ̀ wà l'Ékòó tí kò ní ẹni tó máa pè é bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Ìyá, Táyé ò mọ̀."

"Kí ni kò mọ̀?"

"Fọ́tò náà. Ọ̀tọ̀ ni ọjọ́ tó wọ òfì, ọ̀tọ̀ ni ọjọ́ tó bọ́ aṣọ. Òun nìkan ló wà nínú méjèèjì, ó sì ní kí n má gbé èyí tó wà láìwọṣọ jáde láì sọ fún òun. Èmi ni mo so wọ́n pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Kẹ́hìndé. Ohun tí mo sọ fún oníròyìn, irọ́ ni mo pa mọ́ ọn."

Kò jẹ́ kí n sinmi.

"Ta ló wọṣọ fún Táyé?"

"Èmi ni."

"Ta ló bọ́ Kẹ́hìndé?"

"Èmi ni, Ìyá. Èmi nìkan ni."

"Ìgbà tó ò ń ṣe é, o mọ̀ pé ó ti kú?"

"Mo mọ̀. Táyé ti sọ fún mi. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi."

Ó fọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo rò pé á gbá mi létí, mo sì fẹ́ kó gbá mi. Ó ní, "Ọdún mẹ́ta. Ọmọ mi ń sọ òtítọ́ fún mi fún ọdún mẹ́ta, mo ń pè é ní òpùrọ́." Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè.

Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, ó ní kí n jókòó.

"Jẹ iyán rẹ. A kì í gbé oúnjẹ kúrò níwájú àlejò nílé yìí. Bó o bá jẹ ẹ́ tán, máa lọ. Ìdáríjì tí mo fún ọ lẹ́ẹ̀kan, ẹni tí kò mọ̀ ni mo fún. Ìwọ mọ̀."

Ó mú fóònù rẹ̀ lórí fèrèsé, ó wọ yàrá, ó pa ilẹ̀kùn dé. Ilẹ̀kùn náà kò nípọn. Mò ń jẹ iyán, omijé ń kán sínú ọbẹ̀, mi ò sì lè dá a dúró torí ó ní kí n jẹ ẹ́ tán. Mo gbọ́ bó ṣe ń pè. Kò wọlé. Ó tún pè.

"Táyé. Èmi ni... Má sunkún, ọmọ inú rẹ á gbọ́... Èmi ni mo jẹ̀bi, mo ní má sunkún... Ta ló máa wá wẹ ọmọ bí kò bá ṣe èmi? Mò ń bọ̀. Iṣu tí mo sá yìí á gbẹ lọ́sẹ̀ yìí, màá kó o dání... Hẹn? Ta ló sọ fún mi?"

Mo bu òkèlè tó kẹ́yìn.

"Àlejò kan ni. Ó ti ń lọ."